Bàálù Tí Bàbá Àgbà Buwọ́ Lù

Ojú ìwé méjì ààbọ̀ ni ìtàn ayé bàbá àgbà mi tí wọ́n kà lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Sọ́jà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kà á. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ kò gba ikùn rẹ̀ mọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ dára. Ó ní bàbá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́ ológun òfurufú nígbà tí ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá a sílẹ̀. Ó ní abẹ́ rẹ̀ ni òun ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, àti pé nígbà tí bàbá fi máa fẹ̀yìn tì, kò sí ibùdó tí èèyàn máa dé tí kò ní bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn, kò purọ́ kankan. Àmọ́ orúkọ ẹnì kan wà tí kò dá, orúkọ òkú, tí bàbá àgbà fi ọdún méjì tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò fi fọ̀ ọ́ mọ́ tí kò rí i fọ̀. Nítorí orúkọ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í tú àṣírí òkú. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Jóshúà lorúkọ bàbá àgbà, ọmọ Araromi létí òkun, ọmọ apẹja. Bàbá Bàálù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ti wa bàálù rí. Kò wà á rí. Mẹkáníìkì ni, ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹlòmíì ló ń gùn ún lọ sókè. Ó kúrú, ó gbẹ, ariwo ẹ́ńjìnnì sì ti pa etí rẹ̀ ọ̀tún, nítorí náà apá òsì ni a máa ń dúró sí bí a bá fẹ́ bá a jà. A sì bá a jà dáadáa.

Àtàǹpàkò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ohunkóhun tí omi tàbí epo bá wà nínú rẹ̀, bàbá àgbà á ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀, á fà á kọjá, á gbé e sí imú, á sì nù ún mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣe é fún àtùpà, ó ń ṣe é fún sítóòfù, fún kẹ́ẹ̀gì epo pupa, fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, òun rò pé ìdọ̀tí òun ló ń wá kiri, òun sì sunkún lọ́jọ́ náà. Bó bá ti rí ọ̀rinrin kékeré, ó parí. Lọ́jọ́ kan tí àwọn àna wa wá láti Mahintedo, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tó ku díẹ̀ kó jinná, ó dà á sílẹ̀, ó ní ìdí ìkòkò ń sun omi. Ẹja tútù mẹ́rin ló bá iyanrìn lọ. Gààrí ni àwọn àlejò mu. Ìyá àgbà kò pariwo, ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì rẹ̀, ó fi èdè wa sọ fún un pé, "Joṣua, ìkòkò éè ṣe bàálù." Bàbá àgbà ń nu àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń jò díẹ̀, ó ń jò ni."

Gbólóhùn yẹn ló fi bá gbogbo Araromi jà. Ẹni tí kì í ṣe ará omi lè má mọ ìdí tí ìjà fi wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ àwa Ìlàjẹ, kò sí ọkọ̀ tí kì í gbomi. Bí ọkọ̀ bá ti wà lórí iyanrìn fún ìgbà pípẹ́, oòrùn á mú pákó rẹ̀ gbẹ, ojú ìsopọ̀ á là. Ọjọ́ tí a bá tún tì í sómi, á jò. Ẹnikẹ́ni kì í figbe ta. A ó máa fi igbá gbọ́n ọn títí, pákó á mu omi, á wú, á sì dí ojú ara rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ náà á ti gbẹ nínú. Àti kékeré la ti mọ̀ pé jíjò díẹ̀ kì í ṣe àrùn, pé ó máa ń wo ara rẹ̀ sàn. Ọmọ Ìlàjẹ tó bá rí omi nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó sì ń gbọ̀n, wọ́n á bi í léèrè ibi tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀.

Bàbá àgbà nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo etíkun wa. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àwọn aláṣọ funfun fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ síbi ìsìn ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ọkọ̀ tuntun tí Bàbá Ẹ̀hìnọlá kàn. Bàbá Ẹ̀hìnọlá yìí ló ń kan ọkọ̀ fún gbogbo agbègbè wa, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ bàbá àgbà sì ni. Bàbá àgbà wọ inú ọkọ̀ náà, ó fi àtàǹpàkò kan ìdí rẹ̀, ó jókòó, ó sì ní òun kò ní dìde. Odindi ìjọ dúró sínú oòrùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n kọrin, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gbàdúrà lé e lórí. Nígbà tó ṣe, Bàbá Ẹ̀hìnọlá rọ̀ sómi, ó dúró tì í. Ó ní, "Joṣua, ọma omi ni ùwọ náà. Ṣé kì í ṣe àwa lo bá gbọ́n omi ọkọ̀ dàgbà ni?" Mo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ojú sì ń tì mí. Bàbá àgbà gbójú sókè sí i. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ló bà mí jẹ́."

A rò pé ogbó ló ń dé. Ogbó náà la pè é nígbà tí oníwàásù kan pa òwe pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tí gbogbo ìjọ ṣe àmín, tí bàbá àgbà sì dìde lórí àga. Ó béèrè lọ́wọ́ oníwàásù náà pé, "Ìyá ọmọ ńkọ́? Ṣé ogún ọdún yẹn ló máa jókòó dè é?" Kò sẹ́ni tó mọ ìyá ọmọ tó ń sọ. Bàbá mi fà á láṣọ kó jókòó.

Èmi fúnra mi ní ẹ̀sùn kan sí i tó ju ti ọbẹ̀ àti ti ọkọ̀ lọ. Kì í buwọ́ lùwé. Ó mọ̀wé o, ó mọ̀ ọ́n ju tíṣà wa lọ, ó sì lè ka ẹja ní èdè Jámánì, áìnsì, súfáì, dírài, nítorí àwọn òyìnbó Jámánì ló kọ́kọ́ kọ́ wọn níṣẹ́. Àmọ́ ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pàápàá, ìka ló tẹ̀ ẹ́ bíi púrúǹtù. Nígbà tí mo yege láti lọ sí ilé ìwé girama ní Igbókòdá, bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Wàrri, ìyá mi kò mọ̀wé, ilé ìwé sì ní alágbàtọ́ tó mọ̀wé ni kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì máa gbà á kẹ́yìn. Mo gbé e fún bàbá àgbà pẹ̀lú bíírò. Ó wo bíírò náà bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ejò. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo sọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí àgbà. Ó dìde, ó dì mí lọ́wọ́ mú, a rin etíkun fún nǹkan bíi wákàtí méjì lọ sílé tíṣà kan kó lè bá wa buwọ́ lù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́ nígbà tí à ń bọ̀, ó ń tiro. Ó lè rin wákàtí méjì, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, mi ò ní parọ́. Ohun tó sọ fún mi lójú ọ̀nà kò yé mi nígbà yẹn. Ó ní, "Máa wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Bí èèyàn bá fẹ́ rí ẹ̀rín rẹ̀, ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ni kó béèrè. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi níbẹ̀. Ó ní wọ́n kó àwọn jọ sí òkè ọya, ọmọ ilé ìwé ni gbogbo àwọn, irùngbọ̀n òmíràn kò tíì hù. Ó ní àwọn tó ti rí bàálù nílẹ̀ rí láàárín àwọn kò pé márùn-ún. Àwọn òyìnbó náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, àwọn náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ìyẹn kò sì bára mu, nítorí náà ọwọ́ àti ìka ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn. Nígbà tó yá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ń dàrú, ogun ń bọ̀, àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Wọ́n fi bàálù sílẹ̀, wọ́n fi ìwé sílẹ̀, èdè wọn ni wọ́n sì fi kọ ìwé náà. Bàbá àgbà ní àwọn á ṣí i, àwọn á máa wo àwòrán.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ibùdó wọn nígbà náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn nítorí pé kì í gbé ohùn sókè, ohun tí ẹlòmíì máa fi ìbínú sọ, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Ó pe gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Ó ní orílẹ̀-èdè tó dàgbà ló ń ní ológun òfurufú, pé tiwa kò tíì mọ ìrìn tí wọ́n ti ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá àgbà máa ń dìde bó bá dé ibí yìí, á na ara rẹ̀ tó kúrú bí ẹni tó wà lórí ìlà. Ó ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní, "Bí a bá ṣe é yọrí, àwa ni. Bí a bá bà á jẹ́, àwa náà ni." Bàbá àgbà fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé kò dárí jì í rí.

Ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀ ni mo gbọ́ ìyókù. A ti sin Ìyá àgbà. Òkun ti gba ilé kejì tó kọ́, ó ń gbé nínú èyí tó kẹ́yìn, èmi sì ti di tíṣà ní Igbókòdá, mo máa ń wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀sán ni. Ó ń wo omi. Ó fi èdè wa pè mí wá, ó ní, "Ọma mi, ghá." Mo gbé àga mi sí apá òsì rẹ̀.

Ó ní awakọ̀ òfurufú kan wà tó ń jẹ́ Dàpọ̀ Akínsúyì, ọmọ Ìdànrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ dé láti òkè òkun, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Àwọn awakọ̀ yòókù kì í bá mẹkáníìkì jẹun, Dàpọ̀ máa ń bá wọn jẹ. Á máa pe bàbá àgbà ní Jóshúà Ará Omi, á ní ọjọ́ kan òun máa gbé e dé Araromi látòkè kó lè rí bí ilé ìyá rẹ̀ ṣe kéré tó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Èkó láti wá wò ó bóyá àwọn ọmọdé wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàálù mẹ́ta péré ló ṣeé gbé. Mẹkáníìkì kejì tó mọ ẹ́ńjìnnì náà, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Bàbá àgbà nìkan ló yẹ bàálù Dàpọ̀ wò. Ó rí epo tó ń sun níbi oríkèé páìpù kan, kò tó ẹ̀kán. Ó fi àtàǹpàkò nù ún. Ó dúró díẹ̀, ó tún sun.

"Kí lo wá ṣe, Bàbá?"

"Mo fi ojú ọmọ Ìlàjẹ wò ó," ni ó wí. "Mo ní bó bá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, bó bá gbóná, á wú, á dí ara rẹ̀. Ohun tí bàbá mi máa wí nìyẹn. Ohun tí gbogbo yín máa wí nìyẹn."

Nínú iṣẹ́ wọn, bàálù kì í gbéra láìjẹ́ pé mẹkáníìkì buwọ́ lùwé pé ó yẹ kó gbéra. Dàpọ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Ó wo ibi tó buwọ́ lù, ó fi ọwọ́ gbá a léjìká, ó gùn ún. Nígbà tó ń bọ̀ wá balẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kú. Oko ọkà bàbà kan lẹ́yìn ibùdó ló já sí. Bàbá àgbà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Ó rí Dàpọ̀. Ó tún rí oríkèé páìpù náà, ó ti já kúrò lára ara rẹ̀.

Kò sùn lé e. Láàárín wákàtí kan, ó mú páìpù náà lọ bá Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ nínú ọ́fíìsì, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun ni. Gbogbo ohun tí wọ́n kà níbi ìsìnkú rẹ̀ kò tó ìyẹn lójú mi. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ẹnikẹ́ni kò fura sí i, ó sì rin ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba ìyà rẹ̀. Wọn kò fún un ní ìyà náà. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Jóshúà, awakọ̀ mẹ́ta ń bọ̀ láti òkè òkun lóṣù tó ń bọ̀. Mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀yin méjì ni, ẹnì kejì ń ṣàìsàn. Bí mo bá tì ọ́ mọ́lé, ta ló máa tún ìyókù ṣe?" Bàbá àgbà ní, "Orúkọ Dàpọ̀ ńkọ́, sà?" Nítorí wọ́n ti ń sọ lóde pé ọmọ náà kánjú yí bàálù, pé àwọn ọmọ tó kàwé lókè òkun kì í ní sùúrù. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fi páìpù náà sínú rẹ̀, ó tì í. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. "Òkú kì í wáṣẹ́, Jóshúà."

Àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì bàbá àgbà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà, ìka ló ń tẹ̀ síbi tó yẹ kó buwọ́ lù.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn títí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ìkan nínú àwọn méjì yẹn mọ́lé, kò ní sí bàálù kankan tó máa gbéra lọ́dún náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ á sì wó lulẹ̀. Bàbá àgbà tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́yìn náà, ó le mọ́ wọn débi pé òmíràn sunkún, kò sì sí ẹni tó kọ́ lábẹ́ rẹ̀ tó fi epo tó ń sun sílẹ̀ rí. Ẹ̀mí púpọ̀ là nípa bẹ́ẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn, kò sì mú kí n fẹ́ràn Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní, "Wọ́n ní ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo dà á, ará Ìdànrè ló tọ̀."

Kí n tó gbọ́ ìtàn yìí, ó ti pẹ́ tó ti lọ sí Ìdànrè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, kò kọjá ibùdókọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé ojú ilé wọn gan-an. Ó bá ìyá Dàpọ̀ níta, ó ń sá kòkó. Ó kí i, ó sì béèrè omi, nítorí pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà bu omi fún un, ó gbé àpótí fún un, ó bi í pé ta ló ń wá. Ó ní òun ṣìnà ni. Ó mu omi náà tán. Ó sọ èyí fún mi láìgbé ojú kúrò lára òkun. "Ó bù mí lómi mu, ó tún dúpẹ́ pé mo yà."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó sọ ọ́ fún mi, mo mú un lọ síbẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́, mo mú un lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Dàpọ̀ ti kú. Àbúrò Dàpọ̀ obìnrin la bá, Màmá Fọlá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń bó ẹ̀gúsí lójú ilé. Bàbá àgbà dọ̀bálẹ̀. Màmá náà ní, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jù mí lọ." Kò dìde. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀, láti orí epo tó sun dé orí páìpù inú dúrọ́ọ̀. Màmá Fọlá bó ẹ̀gúsí fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá wa máa ń sọ pé láti kékeré ni Dàpọ̀ kò ti ní sùúrù. Ohun tó fi tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn títí ó fi kú. Àwa náà gbà á. Bí ọmọ kan bá ń sáré nínú ilé yìí, a ó ní, má kánjú bíi Dàpọ̀ o. Ó lé ní àádọ́ta ọdún, Bàbá. Orúkọ rẹ̀ la fi ń bá ọmọ wí."

Bàbá àgbà fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ṣé kí n dárí jì yín lẹ fẹ́?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ó dáa, nítorí mi ò tíì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Bí èmi bá fẹnu sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á ní arúgbó ń ṣàlá."

Ọmọ ilé kan mú ìwé àti bíírò wá. Bàbá àgbà kọ ọ́ níbẹ̀, ìwé rẹ̀ gún régé bíi ti ilé ìwé wọn. Nígbà tó dé ibi tó máa buwọ́ lù, ó dúró. A dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ló ń gbé ìwé náà síwájú, á mú bíírò, á jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú sí i. Mo sọ fún un pé fọ́ọ̀mù mi ìgbà yẹn, tíṣà ló bá mi buwọ́ lù ú, èyí kò sí tíṣà tó lè bá a ṣe é. Ó ní, "Mo mọ̀. Lọ́la." Ìgbà òjò wọlé, òtútù mú un, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣàìsàn. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo ti yọ ìwé náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Inú bí mi sí òkú rẹ̀ kí ẹkún tó wá, mo sì ṣì ń bínú sí i títí di òní.

Òkun ti gba itẹ́ òkú Araromi, nítorí náà Igbókòdá la sin ín sí. Lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà àgbà ti lọ, bàbá mi rí ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n sun ún. Ó ní kí ni ará Ìdànrè fẹ́ fi ṣe, pé àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ti kú tán. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Mo ká ìwé náà sínú báàgì mi, mo sì lọ sí Ìdànrè lọ́jọ́ kẹta.

Màmá Fọlá kò bi mí bí mo ṣe rìn. Ó ní, "Ó buwọ́ lù ú?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo buwọ́ lù ú nísàlẹ̀."

"Ìwọ kò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀, mà."

Ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Ó wá pe gbogbo ilé jáde, àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ ọmọ. Wọ́n dúró yí wa ká láìmọ ohun tí wọ́n wá gbọ́. Ó ní, "Kà á fún wọn."

Mo kà á. "Èmi Jóshúà, mẹkáníìkì, mo rí epo tó ń sun. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, mo rò pé yóò dí ara rẹ̀. Mo buwọ́ lùwé pé bàálù náà yẹ kó gbéra. Dàpọ̀ Akínsúyì gbà mí gbọ́. Kò kánjú. Kò ṣe àṣìṣe kankan."

Màmá Fọlá ní, "Tún ìparí yẹn kà."

"Kò kánjú. Kò ṣe àṣìṣe kankan."

"Gbé ohùn sókè," ni ó wí. "Ìyá Bọ́sẹ̀ ń bẹ lódìkejì ọ̀nà yẹn, òun náà wà lára àwọn tó máa ń sọ ọ́."

Mo dìde dúró, mo kọjú sí ọ̀nà, mo sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.